Ẹlẹ́dẹ̀ Kì Í Kan Ilẹ̀kùn

Ìyàwó jórinjórin ló kọ́kọ́ rí i. Ó mú ọkọ́ àti àpò òfìfo lọ sẹ́yìnkùlé kí oòrùn tó mú, nítorí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọ̀dùnkún tí alásè ilé ìwòsàn máa wá kó láàárọ̀ ọ̀la. Nígbà tó padà, àpò ṣófo síbẹ̀, ọkọ́ ò sì fẹnu kan erùpẹ̀. Ó gbé méjèèjì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó jókòó lórí àpótí, ó ní kí ẹnikẹ́ni má bá òun sọ̀rọ̀ títí òun á fi mu omi tán. Kò sì bu omi kankan.

Ọkọ rẹ̀ ò béèrè. Ó wọ bàtà, ó so ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ìbàdí, ó jáde. Àkọ́bí wọn, ọmọbìnrin tó wá lo ìsinmi yunifásítì nílé, tí wọ́n ti ń pè ní Ìbéèrè láti ìgbà tó ti lè sọ̀rọ̀, tẹ̀ lé e. Ìyá àgbà, ìyá tó bí jórinjórin, kò lè rìn jìnnà mọ́. Ó wà lórí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé, níbi tó ti ń rí géètì àti gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lójú títì, ó sì ní kí wọ́n bá òun wò ó dáadáa.

Kò sí ohun tí ènìyàn fẹ́ wò dáadáa níbẹ̀. Ó ju ìlàjì oko lọ tí wọ́n ti hú. Ebè tí ìyàwó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ìtàkùn dorí kodò, erùpẹ̀ fọ́n káàkiri. Bó bá jẹ́ katakata ló ṣe irú iṣẹ́ yẹn kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn ì bá pe awakọ̀ rẹ̀ wọlé, wọn ì bá bu omi tútù fún un. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀ igbó ni. Àwọn ará àdúgbò máa ń sọ pé ẹlẹ́dẹ̀ ilé làwọn kan nínú wọn rí, pé wọ́n já, wọ́n wọ igbó, wọ́n sì rí i pé ayé aláìsanwó-orí dùn ju ayé ọmọlúàbí lọ. Ohun tó ń dunni jù ni pé wọn ò tiẹ̀ jẹ ẹ́ tán. Wọ́n gé èyí jẹ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n jù ú nù, wọ́n gé ìyẹn, bí ọmọ olówó nídìí àwo ẹran.

Apá tó kù ni èyí tó sún mọ́ igbó esùsú tó wà láàárín ilẹ̀ náà, igbó kan tí jórinjórin ti ń sọ pé òun máa ṣán lọ́dún tó ń bọ̀, ó sì ti pẹ́ tí ọdún náà ti ń bọ̀.

Jórinjórin dúró, ó yíjú padà sí ilé, ó wo géètì rẹ̀ lókèèrè. Òun ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Géètì, nítorí òun ló jó gbogbo géètì tó wà ní òpópónà wọn. Tirẹ̀ ló ga jù, tirẹ̀ ló wúwo jù.

"Ó wà ní títì," ó wí. "Mo tì í."

Ìbéèrè ò wo géètì. Ó ń wo ilẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé tí wọ́n ròyìn fún ìyá àgbà, tí jórinjórin sì tún sọ pé géètì wà ní títì, ìyá àgbà ní, "Ẹlẹ́dẹ̀ kì í kan ilẹ̀kùn, ọmọ mi."

Ìjà bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìdáná, ó gba ọ̀nà yàrá kọjá, ó parí sí pálọ̀, bí ìjà ilé náà ti máa ń ṣe, nítorí pálọ̀ ni ẹ̀rí wà. Níbi tí ẹlòmíràn máa ń gbé fọ́tò ìgbéyàwó kọ́, kóòtù iṣẹ́ kan ni wọ́n gbé kọ́ síbẹ̀, aláwọ̀ eérú, tí ihò ọta wà láyà rẹ̀ bí ojú asẹ́. Kóòtù jórinjórin ni. Ó ti fi wọ igi méjì tó so pọ̀, ó fi ìbòjú tó fi ń jórin dé e lórí, ó gbé e dúró sóko láti ṣe aṣọ́komásùn, kí ẹlẹ́dẹ̀ lè rò pé onílẹ̀ wà nítòsí. Ẹlẹ́dẹ̀ ò rò bẹ́ẹ̀. Àbúrò ìyàwó rẹ̀, ọdẹ tí wọ́n pè kó wá bá wọn pa ẹlẹ́dẹ̀, ló rí i nígbà tí ojú ọ̀run ti ń ṣú, tó sì yìnbọn fún un láàárín àyà. Láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ ọdẹ kankan ò ti gbọdọ̀ kọjá géètì yẹn.

Ìyàwó ní kí wọ́n pe àbúrò òun. Ọkọ rẹ̀ nawọ́ sí ògiri.

"Kóòtù mi ló yìnbọn fún. Ohun tó kàn ṣẹlẹ̀ ni pé mi ò sí nínú rẹ̀."

"Ó ti tọrọ àforíjì."

"Lọ́wọ́ rẹ ló ti tọrọ ẹ̀. Kò tọrọ lọ́wọ́ èmi, kò tọrọ lọ́wọ́ kóòtù."

Ìyàwó wo kóòtù náà, ó wo ọkọ rẹ̀. "Ó dáa. Ẹ bá mi ká a. Bí alásè bá dé lọ́la, ẹ kó o fún un, kó lọ sè é fún àwọn aláìsàn."

Ìbéèrè yíjú sí fèrèsé kí wọ́n má bàa rí ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín. Alásè ilé ìwòsàn ti là á mọ́lẹ̀ pé bí ọ̀dùnkún ò bá pé láàárọ̀ ọ̀la, òun á gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹni náà ni á sì máa gbé e wá títí ọdún á fi yí. Kí ìyàwó tó rí iṣẹ́ yìí, orí ló fi ń ru ọ̀dùnkún kiri ẹ̀bá títì. Ọrùn rẹ̀ ò tíì gbàgbé. Ó wọ aṣọ ìjáde, ó ní òun ń lọ bẹ alásè kó fi ọjọ́ kan kún un. Ọkọ rẹ̀ ní òun á wá ibi tí wọ́n gbà wọlé, òun á dí i, wọ́n á sì wa ìyókù tí oòrùn bá rọ̀. Ohùn tó fi sọ ọ́ ni ohùn ẹni tó mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ, tó sì ń yára lọ síbẹ̀.

Ihò náà ò ṣòroó rí. Lódìkejì oko, lẹ́bàá odò kékeré tó pààlà ilẹ̀ wọn pẹ̀lú ti aládùúgbò, wáyà ọgbà ti já, wọ́n sì ti wa abẹ́ rẹ̀ jinlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ rírọ̀. Jórinjórin fi okùn wọn fífẹ̀ rẹ̀, ó wo jíjìn rẹ̀, ó kọrí sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà lójú títì. Kò wo nǹkan mìíràn. Ìbéèrè ló bá a di ẹnu okùn kejì mú, ó dúró síbẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ ti lọ.

Nígbà tí iná ń fọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, Awakọ̀ yọjú. Òun ni aládùúgbò tó wà lódìkejì odò, ẹni tó wa ọkọ̀ akẹ́rù títí ó fi fẹ̀yìn tì, tó wá fi ìyókù agbára rẹ̀ gbin àgbàdo. Ó ti gbọ́. Ó ní ohun tó jẹ́ kí òun fẹ́ràn Bàbá Géètì nìyí: ẹlẹ́dẹ̀ ń jẹ ẹ́ lóko, síbẹ̀ kò gba ọdẹ láàyè. Ó ní ọdẹ kan wọ oko ẹnì kan tí òun mọ̀, ó yìnbọn pa ọmọ màlúù, ó ní òun rò pé àgbọ̀nrín ni. Òmíràn mutí, ó fi ìgò sílẹ̀, ìgò gé onílẹ̀ lẹ́sẹ̀. Bí wọ́n bá sì ṣèèṣì yìnbọn fún ara wọn lórí ilẹ̀ rẹ, ṣé àwọn ni ọlọ́pàá máa bi ní ìbéèrè ni? Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé àwọn ọdẹ fúnra wọn ló ń kó ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ lọ tú sígbó, nítorí bí ẹran bá tán, iṣẹ́ ọdẹ tán.

"Èyí tó tún burú jù," Awakọ̀ wí, "wọn kì í ti géètì. Ọdẹ á ṣí géètì wọlé, á fi sílẹ̀ gbayawu. Ṣé ẹ ti rí ọdẹ tó ti géètì rí?"

Jórinjórin ṣí ìbòjú rẹ̀ sókè láti gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní bí a bá fẹ́ mọ ẹni tó ń jẹ́ ọdẹ, ká wo géètì lẹ́yìn rẹ̀.

Bí gbogbo onílẹ̀ òpópónà náà ti ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Kò sí ẹni tí kò fẹ́ kí ọdẹ wá lára wọn. Wọ́n fẹ́ kó wá sórí ilẹ̀ ẹlòmíràn. Ẹlẹ́dẹ̀ á jẹ lọ́dọ̀ eléyìí, á sùn lọ́dọ̀ tọ̀hún, á bímọ lọ́dọ̀ ẹni tó wà láàárín, oníkálukú á sì máa fi ọwọ́ kan àgádágodo rẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Jórinjórin lọ sí ọ́fíìsì àgbẹ̀ nígbà kan, wọ́n ní kó mú fọ́tò ẹlẹ́dẹ̀ náà wá, kí ó kọjú síwájú. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ìyẹn tiẹ̀ wá sàn, nítorí ejò ò fi owó ra géètì. Gbogbo ojú ilé tó wà níbẹ̀ ló ní géètì irin tí ọkọ̀ ò lè wó, tí wọ́n gbé sáàárín ọgbà tí ewúrẹ́ lè fi ìmú ṣí. Jórinjórin mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó máa ń dùn ún lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù láti sọ pé òun fẹ́ ra ọgbà. Ọgbà ò ṣe é fi yangàn fún àlejò.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti gbé irin tó jó lọ sídìí ihò, ó ti rì í mọ́lẹ̀, ó ti fi okùn irin dè é mọ́ òpó, ó sì ti fi ẹsẹ̀ ta á láti dán an wò. Irin náà ò mì. Ẹsẹ̀ ló mì. Ó tiro délé, inú rẹ̀ dùn.

Ìyàwó dé lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú eruku lẹ́sẹ̀. Alásè ò gbà. Ó ní àánú ṣe òun, ṣùgbọ́n ebi aláìsàn kì í gba ọjọ́ mìíràn. Ìyàwó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó bọ́ aṣọ ìjáde, ó ró ìró iṣẹ́.

Ohun tí wọ́n jẹ lọ́sàn-án ni ọ̀dùnkún tí ẹlẹ́dẹ̀ ti gé jẹ. Ìbéèrè ló ṣà á jọ, ó gé ojú eyín kúrò lára rẹ̀, ó fọ̀ ọ́ léraléra, ó sè é pẹ̀lú iyọ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ìyá àgbà lè bá wọn jẹ. Ìyá àgbà mú ọ̀kan, ó yí i wò yí ká.

"Inú mi dùn pé wọ́n ṣẹ́kù fún wa," ó wí. "Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹlẹ́dẹ̀ ló ń jẹ àjẹkù ènìyàn. Ayé ti lajú."

Jórinjórin rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ, nítorí irin tó ṣe ṣì ń dùn mọ́ ọn. Ó ṣàlàyé bó ti rì í, bó ti dè é. Ó ní láti òní lọ, kò sí ẹlẹ́dẹ̀ tó lè gba ibẹ̀ kọjá, ìbáà jẹ́ pé ó ń wọlé, ìbáà jẹ́ pé ó ń jáde.

Ìbéèrè gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá mi, ẹsẹ̀ tó wà nínú ẹrẹ̀ níbi ihò yẹn, ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i. Ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni."

"Kí ló dé tí gbogbo ẹ̀ kọjú sílé?"

Ó tún un sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń ka àlọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ò fẹ́ kí wọ́n já. Ó ní ẹrẹ̀ rírọ̀ ni. Bí wọ́n bá gba ibẹ̀ wọlé, ẹsẹ̀ á kọjú sílé. Bí wọ́n bá gba ibẹ̀ jáde, òmíràn á kọjú síta. Òun wá a nígbà tí wọ́n ń wọn ihò, òun ò rí ọ̀kan tó kọjú síta.

Ọ̀dùnkún tó wà lẹ́nu jórinjórin ò lọ, kò bọ̀. Gbogbo wọn yíjú sí ẹ̀yìn ilé, síbi tí esùsú ti ń fì nínú afẹ́fẹ́, ní ẹ̀gbẹ́ ebè tó kù.

Jórinjórin dìde, ó di ìdì kọ́kọ́rọ́ mú kó má dún, ó yọ́ lọ. Ó dúró ní etí igbó náà, ó na ọrùn. Lákọ̀ọ́kọ́ ó rò pé odò ló ń gbọ́. Lẹ́yìn náà ló rí etí kan tó gbọn eṣinṣin dànù láàárín ewé, ó sì mọ̀ pé ohun tí òun ń gbọ́ ni ìhanrun. Kì í ṣe ìhanrun ẹyọ kan. Abo ńlá kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹbí rẹ̀, wọ́n yó, wọ́n sinmi, wọ́n ń dúró de ìrọ̀lẹ́. Ó ti fi irin tó dára jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tì wọ́n mọ́ ìyókù oúnjẹ wọn.

Ó fẹ̀yìn rìn padà délé. "Wọ́n wà níbẹ̀," ó wí. "Mo ti bá wọn tilẹ̀kùn."

Ìyàwó rẹ̀ ń kó àwo jọ.

Jórinjórin ní òun á lọ yọ irin náà kí wọ́n lè bá ọ̀nà wọn lọ. Ìyàwó ní ẹni tó bá jí, oúnjẹ ló ń wá, kì í ṣe ọ̀nà. Wọ́n á jẹ èyí tó kù tán kí wọ́n tó rántí ihò. Ṣùgbọ́n Awakọ̀, tó ti rí i láti ọ̀nà oko rẹ̀ bí Bàbá Géètì ti ń fẹ̀yìn rìn, ti dé ẹnu géètì, ó sì ti gbọ́ díẹ̀. Ó ní kí wọ́n má dán an wò. Bí wọ́n bá yọ irin, odò ni ẹlẹ́dẹ̀ máa gbà, bí wọ́n bá sì la odò, àgbàdo òun ló kàn.

"Kí lẹ wá ń dúró fún?" ó bi wọ́n láti ojú ihò géètì. "Ẹ pe ọdẹ."

"Láàárọ̀ yìí kọ́ lẹ ní ọdẹ ò dáa?" jórinjórin bi í.

"Láàárọ̀, a ò tíì mọ ibi tí ẹlẹ́dẹ̀ wà. Ní báyìí a ti mọ̀. Ọ̀dọ̀ yín ló wà."

Ó kí ìyá àgbà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì lọ ti géètì tirẹ̀.

Ìyàwó ti gbé ọkọ́. Ó ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Wọ́n á wa gbogbo rẹ̀ nísinsìnyí, kí ẹlẹ́dẹ̀ tó jí. Ẹnikẹ́ni ò ní sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ ohùn ènìyàn nítòsí, wọ́n á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì tẹ ìyókù mọ́lẹ̀. Ọwọ́ mẹ́ta ò sì tó. Ó tẹ fóònù, ó gbé e sí ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó ti ń dún lọ́hùn-ún.

Jórinjórin wo fóònù náà bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ tó tọ̀ sára fún.

"Èmi ni," ó wí nígbẹ̀yìn. "Èmi, ọkọ ẹ̀gbọ́n ẹ." Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún. "Àlàáfíà kọ́." Ó tún gbọ́. "Mú ìbọn. Mú ọkọ́ náà. Má jẹ́ kí alùpùpù ẹ dún tóo bá ti dé orígun." Ó gbọ́ èyí tó kẹ́yìn, ojú rẹ̀ yí padà, ó dá fóònù padà fún ìyàwó rẹ̀.

"Kí ló sọ?"

"Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n sọ fún òun ohun tí mo máa wọ̀."

Ó wọ pálọ̀. Nígbà tó jáde, kóòtù ẹlẹ́rìí wà lọ́rùn rẹ̀, ihò ọta káàkiri àyà, tí ẹ̀wù funfun inú rẹ̀ ń yọjú níbẹ̀ bí ìràwọ̀. Ìyàwó rẹ̀ wò ó. Nǹkan kan gbọ̀n ní igun ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì.

Jórinjórin da òróró sí ojú ìdè géètì kó má bàa dún. Nígbà tí ọdẹ dé, tó ń fi ọwọ́ ti alùpùpù rẹ̀, irin ńlá náà ṣí láìfọhùn, bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Táyà ni ọkùnrin náà ń lẹ̀ lójúmọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ó rí kóòtù. Ó dúró. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, jórinjórin gbé ìka sẹ́nu. Ọdẹ fi ìka kan ihò kan láyà àna rẹ̀, ó kan èkejì, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, omi dà lójú rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìjẹ́ kí ìró kankan jáde. Lẹ́yìn náà ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí òkúta wẹ́wẹ́. Jórinjórin fà á dìde. Ó ti géètì padà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ta ìdábùú rẹ̀, nítorí ìdábùú máa ń dún gbàgà, kò sì fẹ́ jí ẹnikẹ́ni.

Wọ́n wa ọ̀dùnkún. Ọkọ́ ń kan òkúta, nítorí náà wọ́n ju ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ hú u. Jórinjórin ti fi àkísà di ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ọdẹ kọ́kọ́ dúró pẹ̀lú ìbọn ní ẹ̀gbẹ́ esùsú, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ó wo ìyókù ebè, ó wo oòrùn, ó fi ìbọn ti igi, ó kúnlẹ̀. Ìjà ò tán o. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń jà á. Ìyàwó nawọ́ sí àpò tó kún jù, ọkọ rẹ̀ ju ọwọ́ nù pé òun lè gbé e, ó gbé e, kò lè gbé e, ìyàwó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè ọ̀run. Ìbéèrè ń fi apẹ̀rẹ̀ lọ, ó ń fi apẹ̀rẹ̀ bọ̀. Látọjọ́ tí wọ́n ti ń gbé pọ̀, wọn ò tíì ṣiṣẹ́ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, bóyá nítorí pé kò sí ẹni tó lè sọ fún ẹnì kejì bó ṣe yẹ kó ṣe é.

Lẹ́ẹ̀kan, ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ kan jáde sí etí igbó, ó dúró, ó ń wò wọ́n. Gbogbo wọn gan. Jórinjórin wà lórí ìdúró, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń gbé apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ kan, ìtàkùn lọ́wọ́ kejì, kóòtù ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára rẹ̀. Ó ti di aṣọ́komásùn fúnra rẹ̀. Ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ náà wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó padà lọ sùn. Kò sá fún un síbẹ̀.

Nígbà tí òjìji ilé dé ebè tó kẹ́yìn, wọ́n ti gbé àpò tó gbẹ̀yìn wọ yàrá. Ìyàwó fi ojú wọn wọ́n, ó tún fi ojú wọn wọ́n. Ó kàn tó. Ó jókòó sórí ọ̀kan nínú wọn, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó ti bó, ó sì mu omi tó ti ń wá láti àárọ̀.

Ẹ̀yìn ilé ni ẹlẹ́dẹ̀ ti jáde. Abo ńlá ló ṣíwájú. Wọ́n gbóòórùn ebè, wọ́n hú u, wọn ò bá nǹkan kan. Ọdẹ gbé ìbọn rẹ̀, ó yọ́ yí ẹ̀gbẹ́ ilé ká, ó ń tẹ̀ lé wọn bí wọ́n ti gba ọ̀nà ẹsẹ̀ lọ síwájú. Ó dé orígun ilé, ó fojú sun ìbọn, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀. Ìyá àgbà wà lórí àga rẹ̀ gan-an lẹ́yìn wọn.

Nígbà tí àwọn tó kù sáré dé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti dákẹ́.

"Àwọn àlejò yín ti lọ," ìyá àgbà wí. "Wọ́n gba iwájú mi kọjá. Èyí tó tóbi jù wò mí lójú. Kò kí mi."

Géètì ń fì síwá sẹ́yìn, pẹ̀lú gbogbo òróró rẹ̀, láìdún. Ìyàwó wò ó pẹ́.

"Ta ló fi géètì sílẹ̀?"

"Ọdẹ ni," jórinjórin wí, kó tó mọ̀ pé òun ti la ẹnu.

Wọ́n wo ìdì kọ́kọ́rọ́ tó wà ní ìbàdí rẹ̀, tó fi àkísà dì bí ẹni tó pọn ọmọ. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ọdẹ wo ilẹ̀.

"Èmi ni," ọdẹ wí jẹ́jẹ́. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n."

Jórinjórin ṣí ẹnu, ó pa á dé. Láti ìsàlẹ̀ títì, lọ́dọ̀ Awakọ̀, ni wọ́n ti gbọ́ ìró náà, kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan ń fi sùúrù ṣẹ́ igi ìdáná. Àgbàdo ló ń dá. Wọn ò tiẹ̀ nílò odò. Ẹ̀gbẹ́ géètì Awakọ̀, níbi tí koríko nìkan ti jẹ́ ọgbà, ni wọ́n gbà wọlé.

Òun àti ọdẹ sáré gba ojú títì lọ síbẹ̀. Jórinjórin fi ọwọ́ lu irin. Ọwọ́ rẹ̀ ló jó géètì náà. Ó rántí pé Awakọ̀ ní kí òun fi ìdábùú méjì sí i, tí òun sì fi ẹ̀kẹta kún un ní ọ̀fẹ́, nítorí aládùúgbò rere.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá Géètì. Ẹlẹ́dẹ̀ ti wọ àgbàdo yín. Ẹ ṣílẹ̀kùn. Èmi àti ọdẹ ni."

Àgbàdo ń dá.

"Ọdẹ wo?" Awakọ̀ bi í. "Mi ò gba ọdẹ láàyè níbí. Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn kì í ti géètì."

Jórinjórin fi àtẹ́lẹwọ́ ti irin náà, kò mì. Ó ti jó o dáadáa jù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọdẹ ti sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀: "Ẹ bá mi sọ fún un pé a máa tì í tí a bá ti wọlé."

Jórinjórin ronú sí i. Ó fà kóòtù náà pọ̀ láyà, afẹ́fẹ́ ń gba inú ihò rẹ̀ wọlé.

"Ìyẹn ni mi ò lè bá ẹ sọ," ó wí, ó sì jókòó sílẹ̀ níta géètì, pẹ̀lú ọdẹ, láti máa gbọ́ bí àgbàdo ti ń dá.